Báwo ni a ṣe ń ka èsì ìdìbò ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Akọ̀ròyìn Alẹ́ (olùbéèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Èmi ni mo máa ń kọ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ní èdè Yorùbá fún ilé iṣẹ́ rédíò kan ní agbègbè wa. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Bihar ní ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ẹgbẹ́ RJD ló ní ìbò tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó du ipò, nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n pé ìjókòó 25 péré ni wọ́n rí nínú 243, nígbà tí BJP tí ìbò tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 20 rí ìjókòó 89. Ètò náà kò tíì parí tí bàbá àgbàlagbà kan fi pè wá lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n jí ìbò yẹn ni, àbí ìwọ lo ṣi ìṣirò ṣe?" Mo dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni àwọn iye náà, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi sì wọhò. Ó dùn mí, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn tí kò yé e yóò rò pé irọ́ ni. Wọ́n ti fún mi láyè láti ṣe ètò àkànṣe lórí ìdìbò náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìṣèlú ibẹ̀, kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó tún gbé kálámù?

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Delhi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹta mi rèé ní Delhi, ọmọ Bihar sì ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Ohun àkọ́kọ́ tó yé mi lára rẹ̀ ni pé kì í béèrè pé ẹgbẹ́ wo ló wọlé. Ìparapọ̀ wo ló wọlé ni ó máa ń béèrè.

Ìparapọ̀ ẹgbẹ́ méjì ló ń bá ara wọn figa gbága níbẹ̀. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní NDA. BJP tí í ṣe ẹgbẹ́ Narendra Modi, olórí ìjọba àpapọ̀ Íńdíà, wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni JD(U) ti Nitish Kumar, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, LJP (Ram Vilas) ti Chirag Paswan, HAM ti Jitan Ram Manjhi àti RLM ti Upendra Kushwaha. Wọ́n ń pe èkejì ní Mahagathbandhan, ìyẹn ìparapọ̀ ńlá ní èdè Hindi. RJD tí Lalu Prasad Yadav dá sílẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ Tejashwi sì ń darí ìjà rẹ̀ báyìí, ló ṣíwájú níbẹ̀. Congress, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì mẹ́ta (CPI, CPI(M) àti CPI(ML)) àti VIP ti Mukesh Sahani wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ nìyí, ẹ̀gbọ́n. Nínú tábìlì èsì tí àjọ elétò ìdìbò Íńdíà ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó rí, ẹ kò ní í rí orúkọ ìparapọ̀ kankan. Ẹgbẹ́ ni àjọ náà mọ̀, ẹgbẹ́ ló sì ní àmì tí olùdìbò ń rí lára ẹ̀rọ: àtùpà fún RJD, òdòdó òṣíbàtà fún BJP, ọfà fún JD(U), àtẹ́lẹwọ́ fún Congress. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó jáwé olúborí ní láti jókòó, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ó pọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń ka ìbò náà, ẹnìkejì mi ya ìlà méjì sínú ìwé àjákọ rẹ̀, ó kọ NDA sí òkè ọ̀kan, ó kọ Mahagathbandhan sí òkè èkejì, ó wá ń pa iye àtijọ́ rẹ́ nígbàkígbà tí ti orí fóònù bá yí padà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìwé náà ti dúdú fún ìparẹ́. Ohun tó kù lábẹ́ ìlà àkọ́kọ́ ni BJP 89, JD(U) 85, LJP (Ram Vilas) 19, HAM 5, RLM 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 202. Lábẹ́ ìlà kejì, RJD 25, Congress 6, CPI(ML) 2, CPI(M) 1, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan tó ní 1, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. AIMIM tó rí 5 àti BSP tó rí 1 kò sí nínú ìparapọ̀ méjèèjì. Ìjókòó 122 ni èèyàn nílò láti ṣe ìjọba.

Nítorí náà, bí ẹ bá kọ ọ́ pé RJD ló ní ìbò tó pọ̀ jù, ẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ igi kan péré ni ẹ gbé síwájú olùgbọ́, ẹ kò jẹ́ kó rí ìdì rẹ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi tó wà ní Delhi dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ìbéèrè bàbá yẹn tán. Ẹ jẹ́ kí n fi oko ṣe àpèjúwe rẹ̀. Bí mo bá gbin àgbàdo sórí ebè 143, tí ẹlòmíràn sì gbin tirẹ̀ sórí ebè 101, èmi ni n ó ru ọkà púpọ̀ wálé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebè tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yọmọ ju tèmi lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹkùn 243 ni wọ́n pín Bihar sí, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ń yan aṣòfin kan. RJD du nǹkan bí ẹkùn 140 ní ọdún 2025. BJP du 101 péré, JD(U) náà du 101, nítorí wọ́n ti bá àwọn ẹnìkejì wọn pín ẹkùn. Ní gbogbo ẹkùn tí BJP kò ti fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀, òdo ni ìbò rẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń tẹ ọfà tàbí àmì ẹnìkejì mìíràn. Ìwọ̀n ìbò ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè sọ bí ẹgbẹ́ náà ṣe lágbára tó níbi tí wọ́n bá ti ń pín ẹkùn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí BJP fúnra rẹ̀ rí, ní ọdún 2015. Ní ọdún náà, Nitish àti Lalu tí wọ́n ti bá ara wọn jà fún ogún ọdún wá parapọ̀, wọ́n fa Congress mọ́ra, wọ́n sì pín 243 báyìí: 101 fún JD(U), 101 fún RJD, 41 fún Congress. BJP du ju ẹkùn 150 lọ, ìbò rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sí ẹgbẹ́ tó tó o. Síbẹ̀ ìjókòó 53 ló bá wálé. RJD tí ìbò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 18 rí 80, JD(U) rí 71, Congress rí 27. Bí bàbá yẹn bá tún pè, ẹ fi ọdún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún wọn. Wọn yóò rí i pé òfin kan náà tó ṣe RJD lónìí ló ṣe BJP lánàá.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹni tó bá ní ìbò tó pọ̀ jù nínú ẹkùn ló wọlé, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ìbò ẹyọ kan, ì báà sì jẹ́ pé ìdajì àwọn olùdìbò kò dìbò fún un. Ní ọdún 2020, ní ẹkùn Hilsa, ẹni tí JD(U) fà kalẹ̀ ní 61,848, ti RJD ní 61,836. Ìbò 12 ló pààlà. Ní ọdún 2025, ìbò 27 ni JD(U) fi gba ẹkùn Sandesh lọ́wọ́ RJD. Gbogbo ìbò tó ṣubú sọ́dọ̀ ẹni tí kò wọlé kò so èso ìjókòó kankan.

Akọ̀ròyìn Alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti wo èsì ọdún 2020 báyìí, ohun tí mo rí sì ya mí lẹ́nu. RJD ní nǹkan bí ìdá 23 nígbà náà, ó sì rí ìjókòó 75, òun gan-an ló pọ̀ jù nínú ilé. Ó du ẹkùn 144 nígbà náà, nǹkan bí iye kan náà ló tún dù ní 2025. Ìbò kan náà, ẹkùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n 75 di 25. Àpèjúwe ebè kò ran èyí, àbí mo ṣì í gbọ́ ni?

Olùkọ́ Ìṣirò

O kò ṣì í gbọ́ rárá, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lo bi yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ RJD, ọ̀dọ̀ àwọn tó dojú kọ ọ́ ló wà. Ro ìparapọ̀ méjèèjì pọ̀. Ní 2020, NDA ní nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún, Mahagathbandhan náà ní nǹkan bí ìdá 37. Nínú ohun tó lé ní ogójì mílíọ̀nù ìbò, àlàfo àárín wọn kò tó 15,000. Èsì rẹ̀ ni 125 sí 110. Ní 2025, Mahagathbandhan tún ní nǹkan bí ìdá 37 sí 38. Kò sún sẹ́yìn. NDA ló gòkè kọjá ìdá 46. Nígbà tí ẹnìkejì bá fi ìdá mẹ́sàn-án jù ọ́ lọ káàkiri ìpínlẹ̀, ìwọ ni yóò máa ṣe ipò kejì láti ẹkùn dé ẹkùn, ipò kejì kò sì ní ìjókòó.

Níbo wá ni ìdá mẹ́sàn-án yẹn ti wá? Èyí tó ju ìdajì lọ ti wà níta láti 2020. Ní ọdún náà, Chirag Paswan kọ̀ láti bá Nitish ṣe. Ó kó LJP jáde kúrò nínú NDA ní Bihar, ó ní òun ṣì wà lẹ́yìn Modi, ó tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Hanuman ti Modi, ìyẹn òrìṣà Híńdù tó jẹ́ ìránṣẹ́ olóòótọ́, ó wá fa èèyàn kalẹ̀ sí ẹkùn tó lé ní 130, pàápàá jù lọ níbi tí JD(U) ti ń du ipò. Ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà ni LJP rí, ìjókòó ẹyọ kan ló sì mú wálé. Ṣùgbọ́n ìbò wọ̀nyẹn ló fà JD(U) lulẹ̀ láti 71 sí 43. Upendra Kushwaha náà wà níta nígbà náà, nínú ìparapọ̀ kẹta pẹ̀lú AIMIM àti BSP. Ní 2025, àwọn méjèèjì ti wà nínú NDA. NDA fún Chirag ní ẹkùn 29, ó sì gba 19 níbẹ̀; JD(U) tí kò rí ẹni tó ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn mọ́ fò sókè láti 43 sí 85.

Olùwòye Ìṣèlú

Bí mo bá ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo láti fún ẹ̀gbọ́n wa, òun ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn náà láti ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bá jókòó pín ẹkùn, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìdìbò. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìdìbò Bihar ti máa ń fi ìdajì ojú rẹ̀ hàn, orí tábìlì yẹn ni a sì ti ń mọ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. NDA kéde ìpín tirẹ̀ ní ọjọ́ 12: BJP 101, JD(U) 101, LJP (Ram Vilas) 29, HAM 6, RLM 6. Láti 2005, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí JD(U) kò ní fi ẹyọ kan ju BJP lọ nínú ìpín ilé aṣòfin Bihar, èyí sì jẹ́ ìròyìn ńlá fúnra rẹ̀. Mahagathbandhan ní tirẹ̀ kò kéde ìpín kankan títí àkókò ìforúkọsílẹ̀ fún ìpele àkọ́kọ́ fi kọjá ní ọjọ́ 17. Ọjọ́ 23 ni wọ́n tó jọ jáde sọ pé Tejashwi ni àwọn fẹ́ kó ṣe olórí ìjọba, Mukesh Sahani yóò sì ṣe igbákejì. Nígbà náà, nǹkan ti bàjẹ́ ní àwọn ẹkùn kan, níbi tí ọmọ ìparapọ̀ kan náà ti forúkọ sílẹ̀ láti bá ara wọn du ipò. Wọ́n fún un ní orúkọ dáadáa, wọ́n ní ìdíje ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni. Bachhwara jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 2020, ìbò 484 péré ni CPI fi pàdánù ẹkùn náà fún BJP. Ẹni tó bá rò ó dáadáa yóò ní kí gbogbo ìparapọ̀ gbárùkù ti CPI ní 2025 kí wọ́n lè gbà á. Congress fa tirẹ̀ kalẹ̀, CPI fa tirẹ̀ kalẹ̀, BJP sì tún gba ẹkùn náà. Mo ka èsì yẹn, ó sì ká mi lára, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan ju èkejì lọ, bí kò ṣe nítorí àwọn olùdìbò tí wọ́n tò láti àárọ̀, tí àwọn aṣáájú wọn sì ti pín ìbò wọn sí méjì kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ yẹ ẹni tí wọ́n fún ní ẹkùn wò dáadáa. Ní 2020, RJD fún Congress ní ẹkùn 70, 19 ló gbà níbẹ̀. Ó fún CPI(ML) ní 19, ó sì gba 12. Bí ẹ bá fi èyí síwájú àwọn ará Bihar tó wà ní Mahagathbandhan, ọ̀rọ̀ kò ní í tán lẹ́nu wọn. Ẹgbẹ́ kékeré tó fìdí múlẹ̀ ní agbègbè tirẹ̀ wúlò ju ẹgbẹ́ ńlá tí orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù lọ.

Arábìnrin Onítàn

Mo gbà pẹ̀lú yín títí dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìṣirò nìkan ṣe ètò náà, àwọn olùgbọ́ yín yóò rò pé ìbò jẹ́ àpò gàrí tí olórí ẹgbẹ́ ń gbé láti ìṣọ̀ kan sí òmíràn. Àwọn èèyàn wà nídìí àwọn iye wọ̀nyí, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìdí tí ẹgbẹ́ kékeré fi níye lórí níbẹ̀ ni jati, ìyẹn ìsọ̀rí ìran tí a bí olúkúlùkù sí. Ìjọba Bihar ka àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 2023. Àwọn Yadav jẹ́ ìdá 14 ó lé díẹ̀, kò sì sí jati kan tó pọ̀ tó wọn. Àwọn ni òpó RJD, pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n tó ìdá 17 ó lé díẹ̀. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí ìdí tí ìbò RJD kì í fi í wó, ẹ ó sì tún rí ìdí tó fi ṣòro fún un láti kọjá ibi tó wà. Àwọn Kurmi, jati Nitish fúnra rẹ̀, kò tó ìdá mẹ́ta. Ohun tí Nitish ṣe ni pé ó kó àwọn jati kéékèèké tí wọ́n tò sí ìsọ̀rí àwọn tó kù sẹ́yìn jù lọ mọ́ra; àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdá 36, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ṣe ohunkóhun. Chirag ló ní ọ̀pọ̀ àwọn Paswan, Manjhi ló ní àwọn Musahar, Sahani ló ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ àwọn apẹja, Mallah. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ń dìbò bí agbo ẹran o. Ẹ má kọ irú rẹ̀ láé, àbùkù ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin. Ní 2025, ìdá 71 ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde dìbò, ti ọkùnrin kò pé ìdá 63. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Bihar ló ń ṣiṣẹ́ ní Delhi, Mumbai àti Punjab, èyí jẹ́ ara ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Láti 2006 ni ìjọba Nitish ti ya ìdajì ipò ìjọba abúlé sọ́tọ̀ fún obìnrin. Ó fún àwọn ọmọbìnrin ní owó kẹ̀kẹ́ láti máa gùn lọ sílé ìwé gírámà. Ní 2016 ó fòfin de ọtí, nítorí àwọn obìnrin ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìdìbò 2025 tó wáyé, ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi 10,000 rupee ránṣẹ́ sí àpò àṣùwọ̀n mílíọ̀nù àwọn obìnrin, wọ́n ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Àwọn alátakò ní ríra ìbò ni. Ìjọba ní ìrànwọ́ ni. Ẹ sọ ohun tí apá méjèèjì wí, ẹ má yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ dárúkọ ni ìwé orúkọ olùdìbò. Ní 2025 kan náà, àjọ elétò ìdìbò tún ìwé náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Orúkọ tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà àtààbọ̀ ló kúrò nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí ti ìkẹyìn fi máa jáde ní ìparí oṣù kẹsàn-án, iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 74. Àjọ náà ní àwọn òkú, àwọn tó ti kó lọ àti àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n yọ. Congress àti RJD ní wọ́n yọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Bí bàbá yẹn ṣe béèrè bóyá wọ́n jí ìbò, àwọn náà béèrè bẹ́ẹ̀ ní Bihar, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò

Arábìnrin, mo gba ìbáwí náà. N kò fi àyè sílẹ̀ fún àwọn èèyàn nínú ohun tí mo kọ. Ohun kan ṣoṣo tí n ó dì mú ni pé ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà ti LJP dá wà níbẹ̀ gedegbe láti 2020, ẹnikẹ́ni lè rí i kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí obìnrin kankan.

Arábìnrin Onítàn

Òótọ́ ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù tó fi pé mẹ́sàn-án ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àgbà Amòfin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káre. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tí àwọn akọ̀ròyìn wa máa ń ṣì ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, gómìnà. Ní ilẹ̀ wa, gómìnà ni ẹni tí gbogbo ìpínlẹ̀ dìbò yàn láti ṣe ìjọba. Ní Íńdíà, gómìnà ìpínlẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààrẹ orílẹ̀-èdè ló ń yàn án, kì í du ipò, òun kọ́ ló sì ń ṣe ìjọba ojoojúmọ́. Ẹni tó ń ṣe ìjọba ni wọ́n ń pè ní Mukhyamantri, tí a lè pè ní olórí ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn ará ìlú kì í dìbò yàn án tààrà. Ẹni tí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù nínú ilé bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni gómìnà yóò pè láti wá búra. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò kọ ọ́ pé Nitish wọlé ìdìbò. Orúkọ Nitish kò sí lórí ẹ̀rọ ìdìbò ẹkùn kankan ní 2025, nítorí ilé kejì, Vidhan Parishad, ni ó ti jẹ́ ọmọ ilé. Síbẹ̀ òun ló búra ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, fún ìgbà kẹwàá.

Èkejì: ìparapọ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó. Ẹ wo ọ̀nà tí Nitish gbà rìn. Ó bá BJP ṣe ìjọba láti 2005. Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní 2013. Kò bá BJP tàbí Lalu ṣe nínú ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 2014, ìjókòó 2 nínú 40 ló rí. Ó bá Lalu lọ ní 2015, wọ́n sì wọlé. Ó padà sọ́dọ̀ BJP ní oṣù keje 2017. Ó tún bá Tejashwi lọ ní oṣù kẹjọ 2022. Ó tún padà sọ́dọ̀ BJP ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, 2024. Ó lé ní ìgbà kan tí ìparapọ̀ tó ń ṣe ìjọba yí padà láàárín ìdìbò kan sí èkejì, tí ará ìlú kò sì tẹ ẹ̀rọ kankan. Ẹ ó béèrè pé ṣé kò sí òfin ni. Òfin wà. Láti 1985 ni Àfikún Kẹwàá sí òfin orílẹ̀-èdè wọn ti sọ pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ náà bá jọ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ kíyè sí ohun tí òfin náà dì mú: ó dì aṣòfin mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò dì ẹgbẹ́ mọ́ ìparapọ̀. Ẹnìkan kò lè fo odi, ṣùgbọ́n gbogbo agboolé lè kó lọ. Ní 2022, mẹ́rin nínú àwọn aṣòfin márùn-ún tí AIMIM ní ní Bihar kó lọ sínú RJD, òfin kò sì mú wọn, nítorí wọ́n ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ní ọdún kan náà, àwọn mẹ́ta tó kù fún VIP kó sínú BJP, Sahani sì di olórí ẹgbẹ́ tí kò ní aṣòfin.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú ìparapọ̀, ẹ kọ ọdún sí i. NDA ti 2020 ní VIP nínú, kò ní LJP. Ti 2025 ní LJP (Ram Vilas), kò ní VIP.

Akọ̀ròyìn Alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú mi, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún un kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò:

"Ní ìpínlẹ̀ Bihar, ẹgbẹ́ márùn-ún tó parapọ̀ lábẹ́ orúkọ NDA gba ìjókòó 202 nínú 243, àwọn alátakò wọn tí wọ́n ń pè ní Mahagathbandhan sì gba 35. Ẹgbẹ́ RJD nìkan ní ìbò tó ju ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yòókù lọ, nítorí pé ó du ẹkùn tó pọ̀ ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ro ìbò ìparapọ̀ méjèèjì pọ̀, NDA ní ohun tó lé ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn alátakò kò sì pé ìdá 38. Ẹgbẹ́ tí Chirag Paswan ń darí, tó bá NDA du ipò ní 2020, ti padà sínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nitish Kumar ni gómìnà tuntun."

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Delhi

Ó yé mi dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn ṣàtúnṣe sí ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ Chirag: JD(U) gan-an ló dojú kọ ní 2020, kò fi bẹ́ẹ̀ du ipò pẹ̀lú BJP. Bí ẹ bá kọ NDA síbẹ̀ lásán, ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀tá Modi, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Àgbà Amòfin

Àti gbólóhùn ìkẹyìn, ọmọ mi. Kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe tuntun.

Akọ̀ròyìn Alẹ́

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, sà, mo sì ti tún ti Chirag ṣe. Alẹ́ ọ̀la ni a ó kà á sí afẹ́fẹ́. Nọ́ńbà bàbá yẹn ṣì wà nínú ìwé ìpè wa. N ó pè wọ́n ní ọ̀sán kí wọ́n lè jókòó ti rédíò wọn.